Oògùn Tó Ti Ẹnu Ejò Jáde

Ẹ fi èèpo àgbọn sí i kí èéfín lé ẹ̀fọn, kí kálukú wá ibi jókòó sí. Lálẹ́ òní n kò ní pa àlọ́ ìjàpá. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé, tó ní ọdún, tó ní ibi tó ti wáyé. Ọ̀sán yìí ni ẹ pa sèbé lábẹ́ igi ìdáná lẹ́yìnkùlé, ariwo yín sì dé òpópónà. N kò bá yín jà, ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú yín ní kò sí ire kankan tó lè ti ẹnu ejò jáde, ẹ̀rín ni mo rín, torí pé mo ti fi omi gbé ire náà mì láàárọ̀.

Ẹ gba páálí yìí, ẹ gbé e sún mọ́ iná kí ẹ kà á. Lisinopril ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Mowo yìí, láti orí awakọ̀ dé orí àwọn ìyá tó ń ta ẹja lẹ́bàá títì, ló ń lò ó tàbí èyí tó bá a tan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹbí oògùn ni captopril, captopril yẹn ni wọ́n sì tọpa rẹ̀ láti inú oró ejò wá. Ṣé ejò ni mò ń gbé mì láràárọ̀? Rárá o, ìwọ ọmọ yìí. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹ̀kán oró kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa sọ pé ejò lọ́wọ́ nínú, èyí ni ọ̀rọ̀ tí ejò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí oró jẹ́. Oró ejò kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ mú un bí àgbo ibà tí ìyá yín ń sè: ewé dóńgóyárò wà níbẹ̀, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó wà níbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, inú ìkòkò kan ni gbogbo wọn wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èròjà tó wà nínú oró ejò kan lè lé ní ọgọ́rùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ purotéènì, irú èyí tó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tí a ń jẹ kí ara lè dàgbà. Ejò kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sáré lé eku; ohun tó bá máa fi mú un gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kíákíá. Nítorí náà ni purotéènì inú oró fi mọ ibi tó ń lọ. Òmíràn á wá iṣan tó ń mú ẹ̀dá mí, á sì dá a dúró. Òmíràn á wá ẹ̀jẹ̀ lọ. Òmíràn á máa jẹ ẹran ara ní ojú ibi tí eyín ti wọlé, á máa jẹrà. Ibi tó mọ̀ ló ń lọ, kì í ṣì í. Ẹni tó bá ń wá oògùn, irú ohun tó mọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló ń wá.

Ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gba oró lẹ́nu ejò láìkú? Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà á fi ọ̀pá onírin tó tẹ̀ lórí tẹ ejò mọ́lẹ̀, á di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú ṣinṣin. Wọ́n á ti na rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ife gíláàsì kan. Bí ẹnu ejò bá ti kan rọ́bà náà, á gé e jẹ pẹ̀lú ìbínú, eyín rẹ̀ méjèèjì á lu rọ́bà já, á yọ sí inú ife, oró á sì máa kán sí ara gíláàsì, tó, tó, tó. Àwọ̀ ìyeyè ni oró ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á fi òtútù gbẹ omi ara rẹ̀ títí á fi di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun yẹn sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí agbára rẹ̀ má yẹ̀. Ní ìlú Liverpool, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru tó wà níbẹ̀, odidi ilé ni wọ́n kọ́ fún ejò nítorí iṣẹ́ yìí, ejò tó ti Áfíríkà lọ sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè ejò ti Ouidah. Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ Ẹ̀gùn mọ Dangbé, òrìṣà ejò, dáadáa. Bí ẹ bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tí ẹ kọjá Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ẹ ó dé Ouidah, ẹ ó sì rí ilé òrìṣà náà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Inú ilé yẹn ni àwọn ejò ń sùn lé ara wọn lórí, àwọn àlejò á gbé wọn kọ́rùn, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sí ẹni tí wọ́n pa, torí pé irú ejò yẹn kò ní oró rárá. Fífún ló máa ń fún ohun tó bá fẹ́ jẹ mọ́ra. Ẹ má wá tìtorí ìyẹn lọ gbé ọká kọ́rùn o.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á sọdá òkun. Ejò kan wà ní Bùràsíìlì, jararaca ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba Gbẹ̀rẹ̀fú kọjá, níbi tí ẹ máa ń lọ wẹ̀ nígbà ọdún, Bùràsíìlì ni ọkọ̀ já wọn sí, oko ìrèké ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Irú oko bẹ́ẹ̀ ni jararaca ń lúgọ sí, torí eku. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ojú ibẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ débi pé ó lè dákú. Àwọn àgbẹ̀ rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sin òkú wọn, wọ́n padà sí oko.

Ní ọdún 1948 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Maurício Rocha e Silva, pẹ̀lú Beraldo àti Rosenfeld, bi ara wọn ní ìbéèrè tó rọrùn: kí ló dé tí ìfúnpá fi ń lọ sílẹ̀? Ìlú São Paulo ni wọ́n wà. Wọ́n mú oró jararaca, wọ́n fi pàdé ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n sì rí i pé ohun kan jáde nínú ẹ̀jẹ̀ náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe inú oró ló ti wá. Ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ló pèsè rẹ̀, oró kàn tú u sílẹ̀ ni. Bradykinin ni wọ́n sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, bí òpó bá sì ti fẹ̀, ìfúnpá á wálẹ̀. Ẹ wò ó, ejò ló fi ohun tó wà nínú ara wa hàn wá.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bradykinin kì í pẹ́ nínú ara, ara á tètè ba á jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá Rocha e Silva ṣiṣẹ́, Sérgio Ferreira, wá ṣàkíyèsí pé bí oró jararaca bá wà níbẹ̀, bradykinin ń pẹ́, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Nǹkan mìíràn wà nínú oró náà nìyẹn, tó ń dáàbò bò ó. Ní ọdún 1965 ló kọ ohun tó rí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Lẹ́yìn náà, ó di ìyẹ̀fun oró náà sínú ẹrù, ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ John Vane. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ohun inú oró yìí ń dá ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́ kọ́. Iṣẹ́ méjì ni ẹ́ńsáìmù yẹn ń ṣe: òun ló ń ba bradykinin jẹ́, òun kan náà ló sì ń ṣe ohun tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ dá a lọ́wọ́ kọ́, òpó á fẹ̀ lápá méjèèjì.

Vane sọ fún ilé-iṣẹ́ Squibb ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjì ló gbé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ níbẹ̀, David Cushman àti Miguel Ondetti, ọmọ Ajẹntínà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tó jọ ti ejò gan-an, ó sì mú ìfúnpá wálẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ nìkan ló ṣeé fi lò ó. Purotéènì kékeré ni, bí ènìyàn bá gbé e mì, ikùn á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹja. Ta ni á máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ títí ayé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ni wọ́n bá jókòó ronú nípa ẹ́ńsáìmù náà fúnra rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé síńkì wà ní ojú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mú ìparí purotéènì ejò náà nìkan, ibi tó fi ń di ẹ́ńsáìmù mú, wọ́n sì fi ohun tó ní imí-ọjọ́ nínú kún un kí ó lè gbá síńkì yẹn mú. Ohun kékeré tí ikùn kò lè jẹ run ló jáde. Captopril nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí ìgò rẹ̀ tí ẹ gbóòórùn díẹ̀, imí-ọjọ́ yẹn ni. Ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn láṣẹ láti tà á.

Ìyá yín àgbà lo irú rẹ̀ rí. Ikọ́ gbígbẹ kò jẹ́ kó sùn, dókítà sì pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ mọ ìdí? Bradykinin tí kò tètè bàjẹ́ mọ́ ló ń kóra jọ, a sì máa rin ọ̀fun àwọn kan. Bí irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, kó sọ fún dókítà, kó má kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ ka ọdún náà: 1948 sí 1981. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ejò. Rocha e Silva kò gbé tirẹ̀ pamọ́, Ferreira gbà á níbi tí ó dúró dé, Vane gbà á lọ́wọ́ Ferreira, àwọn ará Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ Vane. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àwa ni a ń pa òwe yẹn. Mo mọ àwọn àgbà ní agbègbè yìí tí wọ́n mọ ewé tí wọ́n ń lò sí oró ejò, tí wọ́n kò sọ ọ́ fún ọmọ wọn, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kú báyìí, a kò ní mọ̀ láéláé. Ní ti owó, ẹ má bi mí. Ejò Bùràsíìlì ni, ọmọ Bùràsíìlì ló kọ́kọ́ rí i, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ta á.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Ní òkè ọya lọ́hùn-ún, ejò kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní carpet viper. Kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bí inú bá ń bí i, á ká ara rẹ̀ jọ, á máa fi ìpẹ́ rẹ̀ họ ara wọn, á máa dún ṣáráṣárá. Òun ló ń pa àgbẹ̀ jù lọ ní apá ibẹ̀. Ìlú Kaltungo wà ní Ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn rẹ̀ ni gbogbo agbègbè yẹn ń gbé ẹni tí ejò bù jẹ lọ. Nígbà òjò, bí àgbẹ̀ bá ń túlẹ̀, wọ́n á máa rọ́ dé.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé oró ti wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dà á sínú ìgò gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́, tó sì gbẹ. Wọ́n á gbé e kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mì ín. Wọ́n á wo aago títí 20 ìṣẹ́jú á fi pé, wọ́n á wá yí ìgò náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dára á ti dì, á lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Bí ó bá ń ṣàn káàkiri ìgò, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n yára gbé oògùn wá. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. David Warrell, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Zaria ní àwọn ọdún 1970, wà lára àwọn tó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ó sì ti tàn káàkiri ayé.

Kí ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì? Ìyanu mìíràn nìyẹn. Ẹ ó rò pé oró náà ló ń lé ìdìpọ̀ sá. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì lásán níbi tí kò yẹ kó dì, títí gbogbo èròjà tí ara fi ń dí ọgbẹ́ á fi tán pátápátá. Nígbà tí wọ́n bá tán, erigi á máa ṣẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ á tún ya. Wọ́n yọ èyí tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kúrò nínú oró irú ejò bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní ecarin, wọ́n sì ń lò ó nínú yàrá àyẹ̀wò láti fi wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nínú oró kan náà, wọ́n tún rí purotéènì kékeré mìíràn, echistatin, tó ń dá àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré wá dí ojú ọgbẹ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ Merck wo bó ṣe ń di wọ́n mú, wọ́n ṣe oògùn kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tirofiban. Ọdún 1998 ni wọ́n gbà á wọlé ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó ọkàn rẹ̀, irú oògùn yìí wà lára ohun tí dókítà lè fà sí i lára. Lọ́dún kan náà ni wọ́n gba eptifibatide wọlé, èyí tí wọ́n kọ́ lára ejò kékeré kan ní Amẹ́ríkà.

Oró ejò fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe oògùn tó ń pa oró. Albert Calmette, ará Faransé, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890: ẹ fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á pèsè ohun tó ń gbógun tì í, ẹ á wá gba ohun náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí ejò ilẹ̀ wa, Iléeṣẹ́ Ètò Ìlera ìjọba àpapọ̀ bá Liverpool àti Oxford dá ẹgbẹ́ EchiTAb sílẹ̀, Abdulsalam Nasidi sì wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Irú oògùn méjì ló jáde. Ọ̀kan ti Wales wá, ara àgùntàn ni wọ́n ti rí i, carpet viper nìkan ló wà fún. Èkejì ti Costa Rica wá, ara ẹṣin ni, ó sì kápá carpet viper, paramọ́lẹ̀ àti sèbé tó ń tutọ́ oró síni lójú. Ní Kaltungo ni wọ́n ti fi àwọn méjèèjì wé ara wọn lára 400 ènìyàn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Láàárín wákàtí mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, ó tilẹ̀ lé díẹ̀, ti padà dì bó ṣe yẹ. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Inú mi kò sì dùn, torí pé ejò wa ni, àgbẹ̀ wa ni, Wales àti Costa Rica ni ìgò oògùn ti wá.

Mamba ńkọ́? Ẹ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí purotéènì kékeré kan nínú oró mamba dúdú tó ń pa ìrora bíi mọfíìnì, tí kì í sì í dá èémí dúró bí mọfíìnì ṣe ń ṣe. Lára eku ni wọ́n ti dán an wò, ẹ má lọ máa sọ fún ènìyàn pé ó ti wà lórí igbá.

Ìyẹn mú mi dé ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tó lọ ń wá oró ejò láti fi wo ara rẹ̀ sàn, òkú ló ń wá. Láàárín ìbéèrè Rocha e Silva àti àṣẹ tí wọ́n fi ta captopril, ọdún 33 ló wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ejò ń pa ènìyàn tó tó 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún, ní ọdún 2017 ni wọ́n sì kà á mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Àwọn tó pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi àkókò ṣòfò nílé.

Nítorí náà, bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ ní Mowo yìí, ẹ má fi abẹ ya á, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má fi okùn so ó pinpin, ẹ má fi òkúta dúdú lẹ̀ ẹ́. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ọwọ́ tó wú. Ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ má jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà máa mì. Bí sèbé bá tutọ́ sí ẹni kan lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣan ojú náà, omi púpọ̀. Ẹ má ṣe lé ejò náà torí kí ẹ lè gbé e lọ han dókítà, ó tó kí ẹ sọ bó ṣe rí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Àgbádárìgì ni kí ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá sì ní bàbá kan tó mọ ọfọ̀ ejò, kó wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú yín, kó máa pè é lọ lọ́nà.